Voice note admin: Ọkọ̀ tó ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni àláímẹ́ǹtì

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọjà tí ariwo ò jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn, ohun tí mo sọ nìyí. Voice note mẹ́ta ni, mo da gbogbo ẹ̀ pọ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

    Admin yín ni o.

Mi ò bá ti owó àjọ wá lónìí, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo bá wá. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ tọrọ àforíjì ná.

Ẹ ó rántí pé nígbà òjò tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa kan béèrè níbí pé Golf àwọn máa ń fà sí ọ̀tún tí àwọn bá ti tẹ tọ́tù. Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, àláímẹ́ǹtì ni. Ẹ lọ ṣe àláímẹ́ǹtì.” Ẹ̀yin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àtàǹpàkò sókè, pé admin ti sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣe é, kò lọ. Wọ́n tún un ṣe, kò lọ. Mo tún sọ fún wọn pé bóyá ẹni tó ṣe é ni kò mọ̀ ọ́n ṣe, kí wọ́n gbé e lọ síbòmíì.

Lọ́jọ́ kan, èmi àtiwọn jọ ń lọ sí Kàdúná láti ra ọjà ní Sheikh Gumi Market. Iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni mo jókòó sí. Kí a tó dé Jaji, trailer kan wà níwájú wa tó ń rìn bí ìgbín. Ẹ̀gbọ́n wòwájú, ọ̀nà mọ́, wọ́n bọ́ sí òsì kí wọ́n lè yà á sílẹ̀, wọ́n wá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Sítíárìn já gbà mọ́ wọn lọ́wọ́ sí ọ̀tún, ọkọ̀ forí lé táyà trailer. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù lẹ́ẹ̀kan náà, ni ọkọ̀ bá tún fò sí òsì, ó di inú koríko àárín títì. Ọlọ́run ló yọ wá. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó ṣẹ́ léegun. Bọ́ńpà ya, rédíétọ̀ fọ́, a ò sì dé ọjà lọ́jọ́ náà.

A jókòó sínú koríko, ara wa ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n wò mí. Wọn ò bínú, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn bi mí pé, “Admin, ṣé àláímẹ́ǹtì náà ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi. Bàtà ni mò ń tà ní Sabon Gari yìí, mi ò kì í ṣe mẹkáníìkì. Mo sọ ohun tí mi ò mọ̀ bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n, ó sì fẹ́ẹ̀ẹ́ pa èèyàn méjì. Mo bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, mo dá sí owó rédíétọ̀, mo sì ń bẹ gbogbo ẹgbẹ́ lónìí. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá lọ jókòó ti mẹkáníìkì kan lápá Kwangila. Ó tó ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi ń lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá ti ọjà tán, kó lè fi ọkọ̀ hàn mí lábẹ́. Ohun tó yé mi ni mo fẹ́ fi yé yín.

Ẹ̀yin àgbà á rántí 504. Kàdúná tó wà nítòsí wa yìí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó nígbà yẹn, ní PAN, ní 1975. Nínú 504, táyà ẹ̀yìn ló ń ti ọkọ̀ lọ. Táyà iwájú, kó yà sọ́tùn-ún, kó yà sósì, iṣẹ́ tiẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tí a ń gùn báyìí, Golf, Sharon, Camry, Corolla tuntun, Sienna, táyà iwájú ló ń fà wọ́n. Táyà iwájú kan náà ló tún ń yí wọn. Iṣẹ́ méjì ló wà lọ́rùn ẹsẹ̀ kan.

Ẹ wo àwọn ọmọ tó ń fi kura kó ẹrù nínú ọjà wa. Tí ọmọ kan bá ń tì í látẹ̀yìn tí ẹnì kejì ń tọ́ iwájú, ìyẹn ni 504. Ká wá ní ọmọ méjì ló so okùn mọ́ iwájú kura, tí wọ́n ń fà á, tí àwọn náà ló sì ń yí i. Tí okùn ẹnì kan bá gùn ju ti ẹnì kejì, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ tí wọ́n bá ń rìn jẹ́jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá ẹlẹ́rù pariwo pé “Gudu!”, ẹ ó rí i bí imú kura ṣe máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bí ọkọ̀ wa ṣe rí nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì wọn dùbúlẹ̀ ní ìbú, jíà wà ní ìparí ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sí láàárín. Fiat ti Ítálì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tò ó bẹ́ẹ̀. Fiat 128 tí wọ́n gbé jáde ní 1969 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wá ń wò kọ́ ti wọn. Ó jẹ́ kí àyè pọ̀ nínú ọkọ̀, ó sì dín owó kù. Àmọ́ nítorí pé jíà ò sí láàárín, ṣáfútì tó lọ sí táyà òsì máa ń kúrú, tọ̀tún máa ń gùn. Tí ẹ bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, imú ọkọ̀ á gbé sókè, ṣáfútì méjèèjì ò ní tẹ̀ bákan náà. Agbára tó dé táyà ọ̀tún àti tòsì ò ní fa sítíárìn bákan náà mọ́, ọwọ́ yín á sì mọ̀ ọ́n lára. Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní torque steer nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n tò báyìí, ọ̀tún ló sábà máa ń fà sí.

Díẹ̀ ẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe lágbára tó ló ṣe máa ń hàn tó. Sienna 2007 tó ní ẹ́ńjìnnì 3.5, agbára ẹṣin 266 ló wà níbẹ̀, táyà méjì péré ló sì ń gbé gbogbo ẹ̀ délẹ̀. Ilé iṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìdí tí wọ́n fi fi ṣáfútì àárín kún apá tó gùn lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nìyẹn, kí apá méjèèjì lè fẹ́ẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni tí fífà náà bá le ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú Golf ẹ̀gbọ́n wa, ohun mẹ́ta la bá. Engine seat kan ti já, tí wọ́n bá tẹ tọ́tù, ẹ́ńjìnnì á gbéra ńlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dìde. Búúṣì lower arm ọ̀tún ti rọ̀ bí búrẹ́dì inú tíì, táyà ọ̀tún á sún síwájú tí wọ́n bá tẹ tọ́tù, á sún sẹ́yìn tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀. Ìdí tó fi fò sí òsì nìyẹn. Ẹ̀kẹta, táyà iwájú kan ṣì tuntun, èkejì ti pá.

Ẹ wá rí àṣìṣe mi. Orí ìdúró ni wọ́n ti máa ń ṣe àláímẹ́ǹtì. Wọ́n tò ó dáadáa, ó péye lórí ẹ̀rọ. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe tẹ tọ́tù lójú títì, búúṣì tú gbogbo ohun tí wọ́n tò ká. Ká ṣe àláímẹ́ǹtì nígbà ogún, owó la ó máa ná.

Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Gbogbo ọkọ̀ tó ń fà ló jọra. Ẹ̀yin ẹ má kàn sọ fún mẹkáníìkì pé ọkọ̀ ń fà. Ìgbà tó ń fà ni kí ẹ sọ fún un. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ táyà méjèèjì dọ́gba lọ́dọ̀ fọkanáísà, bí nọ́ńbà tó wà lára férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà ṣe sọ. Ẹ wá wá ọ̀nà tó tẹ́jú tí ọkọ̀ ò pọ̀, ẹ má jọ̀wọ́ sítíárìn o, ẹ kàn dẹ ọwọ́ díẹ̀.

Tó bá ń fà ní gbogbo ìgbà, bí ẹ tẹ tọ́tù bí ẹ ò tẹ̀ ẹ́, ẹ fura sí táyà, àláímẹ́ǹtì, tàbí bíréèkì tó ń há. Ẹ rántí pé títì máa ń dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí omi lè ṣàn, fífà díẹ̀ sí apá ibi tó dagun sí kì í ṣe ẹ̀bi ọkọ̀. Ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ táyà iwájú ọ̀tún àti tòsì. Tó bá wá ń fà sí apá kejì, táyà ni.

Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tẹ tọ́tù nìkan ló ń fà, tó sì ń yí padà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wo engine seat, búúṣì lower arm, ball joint, tie rod end àti ṣáfútì. Ẹ má lọ ṣe àláímẹ́ǹtì ṣáájú.

Tó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tẹ bíréèkì ló ń fà, bíréèkì ni kí wọ́n tú.

Tí kò bá fà rárá, àmọ́ tí sítíárìn ń gbọ̀n tí ẹ bá ti sáré dé ọgọ́rin sí ọgọ́rùn-ún, bálánsìn ló sábà máa ń jẹ́. Bálánsìn àti àláímẹ́ǹtì kì í ṣe ohun kan náà o. Bálánsìn ni kí táyà wúwo dọ́gba yíká. Àláímẹ́ǹtì ni bí táyà ṣe dúró àti ibi tó kọjú sí.

Níbi tó kù yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bí oníbàtà. Tí oníbàárà bá mú bàtà àtijọ́ wá, mo wo ìsàlẹ̀ ẹ̀, mo ti mọ bó ṣe ń rìn. Táyà náà nìyẹn. Tó bá jẹ nínú nìkan tàbí níta nìkan, ó ṣeé ṣe kí táyà fẹ̀gbẹ́ sínú tàbí síta ju bó ṣe yẹ. Camber ni wọ́n ń pe ìyẹn. Tí ẹ bá fọwọ́ pa á lójú, tó ń dán sí apá kan, tó ń gún ọwọ́ sí apá kejì bí eyín ayùn, toe ni, ìyẹn ni pé táyà méjèèjì kọjú síra jù, tàbí wọ́n kọ̀yìn síra jù. Èyí tó kù ni caster, òun ló ń jẹ́ kí sítíárìn padà sáàárín fúnra ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá yà tán. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa, toe nìkan ló rọrùn láti yí níwájú. Tí camber tàbí caster bá ti yẹ̀, irin kan ló sábà máa ń ti tẹ̀ nínú kòtò, tàbí kí búúṣì ti jẹ. Ẹ wá ohun tó bàjẹ́.

Torí náà, ẹ tún abẹ́ ọkọ̀ ṣe tán kí ẹ tó ṣe àláímẹ́ǹtì. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é, ẹ gba ìwé nọ́ńbà tó wà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án àti èyí tó wà lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí sítíárìn dúró gbọọrọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Táyà iwájú méjì, kí wọ́n jẹ́ irú kan náà, ìwọ̀n kan náà, kí ọjọ́ orí wọn má jìnnà síra. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú èyí tí wọ́n kọ DOT sí níwájú. Tí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkúnbọ̀ tó ń dán lójú lè ti dàgbà ju ọmọ yín lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀, ẹ má gún tọ́tù lójijì tí ẹ bá fẹ́ yà ọkọ̀ sílẹ̀, pàápàá lórí omi tàbí iyanrìn. Ẹ di sítíárìn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tó bá fà, ẹ má gbẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí a ṣe ṣe. Ẹ dín in kù jẹ́jẹ́, kí ẹ padà sí ọ̀nà yín.

Ọdún ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ wa máa forí lé ilé, láti Zaria dé Àbújá, dé Lọ́kọ́jà, títí wọ ilẹ̀ wa, pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ àti ẹrù lórí ọkọ̀. Wọ́n ní kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀. Táyà ni ẹsẹ̀ mọ́tò. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó gbéra, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kí wọ́n di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí wọ́n mì í. Tó bá ń ṣe kọ̀kọ̀kọ̀, ẹ má tíì lọ.

Láti òní lọ, tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọ̀rọ̀ mọ́tò níbí, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáhùn mọ́. Ìbéèrè ni mo máa fi dáhùn: ìgbà wo ló ń fà? Ẹ̀yin náà, ẹ má gbé àtàǹpàkò sókè torí pé admin ló sọ̀rọ̀. Ẹ bi í pé báwo ló ṣe mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa ń gbọ́ mi o. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Rárá o, kì í ṣe àláímẹ́ǹtì.

Ọlọ́run á ṣọ́ wa lálọ, á ṣọ́ wa lábọ̀. Ẹ kú ọjà o.