Ọ̀nà Omi láti Ìkòròdú dé Èkó

Kí a tó ṣí Afárá Carter ní ọdún 1901, kò sí ẹni tí ó lè ti Ìddó dé erékùṣù Èkó láìwọ ọkọ̀ ojú omi. Lónìí, afárá mẹ́ta ni ó so erékùṣù náà mọ́ òkè ilẹ̀, síbẹ̀ ọ̀nà omi kò parẹ́. Ẹni tí ó bá gba orí ilẹ̀ láti Ìkòròdú yóò yí ọ̀sà po, yóò gba Máìlì 12. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi a là á kọjá tààrà.

Ọ̀nà yìí dára fún èrò tí ó bá pa òfin mọ́. Kí olúkúlùkù, òmùwẹ̀ pàápàá, wọ ẹ̀wù agbẹ̀mílà, kí ó sì so okùn rẹ̀ dáadáa kí ọkọ̀ tó ṣí. Ẹni tí ó fi í ṣe ìjókòó kò ní ráyè wọ̀ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá dojú dé. Bí ọkọ̀ bá ti kún, kí ẹni tí ó kù dúró de òmíràn. Igi tí ń léfòó ń bẹ lójú ọ̀sà tí atukọ̀ kò lè rí lóru. Ìdí nìyí tí ìrìnàjò òru fi jẹ́ èèwọ̀.

Ará ilé ń retí èrò ọkọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.