Nígbà Tí Kọ̀ǹpútà Kékeré Bá Ń Dákú

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Eee PC 701, kọ̀ǹpútà alágbèéká kékeré tí Asus gbé jáde ní 2007, ní ọpọlọ tí ó lè sáré dé 900 megahertz, ṣùgbọ́n 630 ni wọ́n so ó mọ́. Ẹni tí ó bá tú okùn náà, tí àwòrán wá dì gbagidi lójú ẹ̀rọ, tí orin sì ń tún ìró kan ṣoṣo pè bí akólòlò, kí ó rántí pé kì í ṣe ọpọlọ nìkan ni ó ń yára, mẹ́mọ́rì náà ń bá a sáré tipátipá, ooru sì ń pọ̀ sí i. Ẹ dá a padà sí 630: bí ìdákú bá dẹ́kun, eré àsápajúdé ni, bí kò bá dẹ́kun, ẹ pààrọ̀ mẹ́mọ́rì, kí ẹ sì gbọn eruku inú fáànù.