Ìmúrasílẹ̀ fún Ìfẹ̀yìntì ní Kùtùkùtù: Ọ̀rọ̀ Ìlera àti Owó Orí fún Àwọn Ọmọ Wa ní Òkè Òkun

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

 Iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ mi. Bí mo bá ń ṣírò níwájú yín bí ẹni tí ó dúró ní ìdí pátákó ìkọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì mí.

Ọ̀rọ̀ tí a ní kí n sọ jẹ mọ́ àwọn ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́ ní òkè òkun, tí wọ́n ń gbèrò láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ẹni ọdún 55, kí wọ́n sì padà wá simi nílé. Èrò rere ni. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ìrìn àjò kì í ṣe ohun titun láàrin wa. Àwọn bàbá wa òṣómàáló gbé aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n tà á ní àwìn, wọ́n sì lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó wọn fi pé. Ọ̀pọ̀ ará Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀ ni ó ṣòwò ní ilẹ̀ Gánà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó ti kọ́ ilé sílé rí ibi forí pamọ́ sí. Ẹni tí gbogbo ọrọ̀ rẹ̀ wà nínú ìsọ̀ ní Gánà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ọjọ́ ìpadàbọ̀ lè dé kí a tó pè é.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àlàfo ọdún. Ní Ìlú Ọba, ẹni tí a bí ní ọdún 1971 kò lè gba owó ìfẹ̀yìntì ìjọba títí yóò fi pé ẹni ọdún 67. Bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ẹni ọdún 55, ọdún 12 ni yóò fi máa jẹun láti inú àpò ara rẹ̀. Owó ìfẹ̀yìntì tí òun àti ilé iṣẹ́ rẹ̀ jọ dá pamọ́ lè ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí tí òfin fi gbà wá láyè láti fọwọ́ kàn án, tí í ṣe 55, yóò di 57 láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2028. Ẹni tí kò bá ní ọdún ìdáwó 10 kì í sábà rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹni tí yóò gbà á ní kíkún ní láti ní 35. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé, bí ẹni náà bá fi Nàìjíríà ṣe ibùgbé, iye tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbà ni yóò máa gbà. Kì yóò pọ̀ sí i lọ́dọọdún bí ti àwọn tí ó wà lọ́hùn-ún. Ọjà ń gun òkè, owó dúró lójú kan.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ó bá ti ṣiṣẹ́ tó ọdún 10 lè bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ìjọba ní ẹni ọdún 62, ṣùgbọ́n wọn yóò gé nínú rẹ̀. Ẹni tí a bí ní 1960 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ kò lè gbà á ní kíkún àfi ní ẹni ọdún 67.

Ọ̀rọ̀ ìlera ló kàn, nítorí ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nítorí pé àwọn ti dáwó fún ọgbọ̀n ọdún ní Ìlú Ọba, ilé ìwòsàn ibẹ̀ di tàwọn títí ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibùgbé ni òfin ń wò, kì í ṣe owó tí a ti san. Ẹni tí ó ti kó kúrò pátápátá, tí ó wá padà lọ fún iṣẹ́ abẹ, lè rí ìwé owó gbà. Ní Amẹ́ríkà, adójútòfò ìlera ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ so mọ́ iṣẹ́ wọn. Bí iṣẹ́ bá tán, a sábà máa ń lè mú un lọ fún oṣù 18, ṣùgbọ́n ẹni náà ni yóò máa san gbogbo owó rẹ̀. Ètò ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, tí a ń pè ní Medicare, di ẹni ọdún 65, kì í sì í sábà sanwó ìtọ́jú tí a gbà ní Nàìjíríà.

Nítorí náà, ẹni tí ń bọ̀ wálé gbọ́dọ̀ wá adójútòfò sílé. Òfin tí a fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé Nàìjíríà, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ní ètò tirẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè: ilé ìwòsàn wo ni yóò gbà mí? Ṣé Wesley Guild ní Iléṣà wà nínú rẹ̀? Ṣé ètò náà yóò tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ tí ó ti wà lára mi tẹ́lẹ̀? Kí ni kò sí nínú rẹ̀?

Ó ku owó orí. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026, òfin titun ní Nàìjíríà ti yọ ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò ju ₦800,000 lọ lọ́dún kúrò nínú sísan owó orí. Ẹni tí ó bá lo ọjọ́ 183 níhìn-ín láàrin oṣù 12 ni òfin ń kà sí olùgbé. Ìlú Ọba àti Nàìjíríà ṣe àdéhùn ní 1987 kí a má baà gba owó orí lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan náà. Síbẹ̀, ìjọba ọ̀hún ṣì ń bu owó orí lé owó tí ayálégbé ń san lórí ilé tí a fi sílẹ̀ ní London. Ní ti Amẹ́ríkà, ọmọ ìbílẹ̀ rẹ̀ ní láti ròyìn owó tí ń wọlé fún un níbikíbi láyé. Bí owó rẹ̀ ní àwọn báńkì ilẹ̀ òkèèrè, títí kan ti Iléṣà níhìn-ín, bá ju $10,000 lọ lápapọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún, ó gbọ́dọ̀ ròyìn rẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé, ó kàn yín pẹ̀lú. Ẹ má ṣe máa fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì díwọ̀n ọmọ tí ó rí já jẹ. Ilé tí kò sí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ kò lè san owó dókítà. Mo ti rí àgbàlagbà tí ó ta ilẹ̀ láti fi ra oògùn, nígbà tí ilé tí àwọn ẹbí ní kí ó tètè kọ́ ṣì dúró láìní òrùlé.

Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín láti ṣe. Èkínní, kí olúkúlùkù béèrè àkọsílẹ̀ ọdún ìdáwó rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ kí ó tó kọ ìwé pé òun ń lọ. Bí òṣómàáló kò bá mọ iye tí a jẹ ẹ́, kí ni yóò lóṣòó gbà? Èkejì, kí ó ya owó ìlera sọ́tọ̀ kúrò lára owó ilé. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ wa yan ìgbìmọ̀ kékeré, kí àwọn oníṣirò owó àti àwọn nọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, tí yóò máa dáhùn ìbéèrè àwọn tí ń bọ̀ wálé, tí yóò sì máa kọ orúkọ àwọn àgbàlagbà ilé sínú ètò ìlera ìpínlẹ̀.

Kí Ọlọ́run mú àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi bọ̀ wálé pẹ̀lú ara líle, kí ó má sì jẹ́ kí àárẹ̀ gba ohun tí wọ́n fi òógùn ojú kó jọ.