Ọjọ́ Tí A Dá fún Iṣẹ́ Ọnà
Ọ̀rọ̀ tí Òṣìṣẹ́ Ìròyìn sọ fún àwọn tí ó péjọ sí ilé ìkàwé ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò

  Òjò tí ó rọ̀ ní ọjọ́ Ajé ti pa eruku ọ̀nà, àwọn tí oko wọn wà ní etí odò sì ti ń pọ́n àdá.

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti owó orí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà ni: ọ̀rọ̀ ère, àwòrán, ìlù, aṣọ aró àti eré orí ìtàgé. Mo mọ ohun tí àwọn àgbà kan ń wí nínú ọkàn wọn. Wọ́n ń wí pé, nígbà tí a ń múra àti gbin àgbàdo, ta ni ó ráyè àwòrán? Ẹ ní sùúrù fún mi. Bí mo bá sọ tán, ẹ ó rí i pé ìgbà yìí gan-an ni ó yẹ kí a sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé Òṣogbo. Ọdún Ọ̀ṣun tí a ń ṣe ní oṣù kẹjọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ ìlú náà, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹta, ní ọdún 1962. Ọkùnrin kan wà ní ibẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dúró Ládípọ̀. Olùkọ́ ni, ó sì ń kọ orin fún ìjọ. Ó gbìyànjú láti mú ìlù ilẹ̀ wa wọ inú orin ìjọ, ṣùgbọ́n àwọn kan kò fara mọ́ ọn. Wọn kò fẹ́ kí irú ìlù bẹ́ẹ̀ dún ní ilé Ọlọ́run. Dúró kò torí èyí dákẹ́. Ní ọdún 1961 ó gbé orin rẹ̀ lọ sí ilé ẹgbẹ́ Mbari ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn òǹkọ̀wé, àwọn ayàwòrán àti àwọn òṣèré ti ń pàdé.

Ohun tí ó rí ní Ìbàdàn wù ú, ó sì fẹ́ irú rẹ̀ fún ìlú tirẹ̀. Kò ní gbọ̀ngàn ńlá. Ohun tí ó ní ni ilé ọtí kan. Òun àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ní Yunifásítì Ìbàdàn, gbìmọ̀ pọ̀, wọ́n sì sọ ilé ọtí náà di ilé eré àti ilé ìpàtẹ àwòrán. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari. Orúkọ ilé amọ̀ tí ó kún fún ère ni, èyí tí àwọn ará agbègbè Òwerè máa ń kọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn ará Òṣogbo, wọ́n sọ ọ́ di ti Yorùbá, wọ́n ní Mbárí Mbáyọ̀, èyíinì ni pé, bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí ilé náà, ẹgbẹ́ Dúró ṣe eré Ọba Mọ́rọ̀. Nígbà tí ilé náà pé ọdún kan ní 1963, wọ́n ṣe Ọba Kòso, ìtàn Ṣàngó. Ní 1964, Ọba Wàjà tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1964 yẹn kan náà, wọ́n gbé Ọba Kòso lọ sí Berlin ní ilẹ̀ Jámánì, ní 1965 wọ́n sì ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà àjọ̀dún ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níhìn-ín, nítorí òun ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Ẹni tí ó ti ṣí ilé eré ní oṣù kẹta mọ̀ pé oṣù kẹta mìíràn ń bọ̀. Àwọn ènìyàn yóò wá jókòó, wọn yóò sì retí ohun tí wọn kò rí rí. Àwọn àgbà ní ogún ọdún ń bọ̀ wá kù ọ̀la. Ọjọ́ tí a dá máa ń lé oníṣẹ́ ọnà dìde lórí ẹní, ó máa ń mú un dán ohun tí ó wà nínú rẹ̀ wò. Ẹ̀bùn wà ní gbogbo abúlé wa. Ohun tí kò sí ní púpọ̀ nínú wọn ni ọjọ́ tí ẹ̀bùn náà yóò jáde, àti ilẹ̀kùn tí yóò gbà jáde.

Ẹ tún wo irú àwọn tí ó gba ilẹ̀kùn yẹn wọlé. Ní 1962, Denis Williams, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Guyana, wá fi ọjọ́ díẹ̀ kọ́ àwọn ènìyàn ní àwòrán yíyà ní Òṣogbo. Ní 1964, Georgina Beier, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe irú rẹ̀. Wọn kò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Jimoh Buraimoh ni ó ń tan iná mànàmáná fún eré Dúró. Ó di ẹni tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àwòrán. Muraina Oyelami ọmọ Ìràgbìjí, pẹ̀lú Rufus Ogundele àti Jacob Afolabi, wà nínú ẹgbẹ́ òṣèré náà. Gbogbo wọn di ayàwòrán. Twins Seven-Seven jẹ́ oníjó. Ní ọdún 2005 àjọ UNESCO fi í jẹ oyè Oníṣẹ́ Ọnà fún Àlàáfíà. Asiru Olatunde jẹ́ alágbẹ̀dẹ tí ara rẹ̀ kò gba iṣẹ́ òòlù ńlá mọ́. Ó mú òòlù kékeré, ó sì ń lu ìtàn sí ara bàbà àti alumíníọ́mù. Adebisi Akanji jẹ́ bíríkìlà. Ó fi sìmẹ́ǹtì tí a fi ń mọ ilé mọ ère, ó sì bá Susanne Wenger ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun, igbó tí UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní ọdún 2005 bákan náà.

Oníná, òṣèré, oníjó, alágbẹ̀dẹ, bíríkìlà. Ta ni nínú wọn ni a kò ní irú rẹ̀ ní abúlé yìí?

Ẹnìkan lè sọ pé, òyìnbó ni ó wá ṣe é fún wọn. Èmi náà kò ní fi òtítọ́ pamọ́. Àwọn àlejò mú ọ̀dà wá, wọ́n mú ìmọ̀ wá, wọ́n sì mọ àwọn tí yóò ra iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ilé ti Dúró ni, ìlù ti wa ni, ìtàn Ṣàngó ti wa ni, àwọn ará ìlú ni wọ́n sì wá wòran. Ulli Beier fi Nàìjíríà sílẹ̀ ní 1966. Dúró Ládípọ̀ fi ayé sílẹ̀ ní 1978. Síbẹ̀, iṣẹ́ náà kò kú. Ní 1983, Nike Okundaye, aláró, ṣí ilé ẹ̀kọ́ ọnà ní Òṣogbo kan náà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láìgba owó. Bí ìlú bá ti mọ adùn ilẹ̀kùn tí ó ṣí, ẹnìkan nínú rẹ̀ yóò ṣí òmíràn.

Mo ní ẹ̀bi kan láti jẹ́wọ́. Ní bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú àwòrán mẹ́fà wá bá mi ní ilé ìkàwé tí mo ń bójú tó nígbà náà. Páálí ni ó fi èédú àti omi aró ìyá rẹ̀ ya àwòrán sí. Mo ṣì ń rí ọ̀kan nínú wọn lójú mi títí di òní: àwọn obìnrin tí ń fọ irú ní odò, ẹsẹ̀ wọn nínú omi, ọmọ kékeré kan sì di etí aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Ó bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun gbé wọn kọ́ sí ara ògiri fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo wí fún un pé ìwé ni ilé ìkàwé wà fún, pé kí ó lọ gba ìwé àṣẹ wá. Kò sí òfin kan tí ó ní kí n béèrè ìwé àṣẹ. Ẹnu ọ́fíìsì ni mo fi sọ̀rọ̀. Kò padà wá. Nígbà tí mo béèrè rẹ̀ ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyá rẹ̀ ní ó ti bá àwọn tí ń lọ sí Èkó lọ, àti pé kí ó tó lọ, ó fi àwọn páálí náà dá iná. Títí mo fi kúrò ní ibẹ̀, kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo ni ó wà lára ògiri yẹn, kàlẹ́ńdà ọdún tí ó ti kọjá.

Nítorí náà ni mo ṣe wá bá yín lónìí, kí irú rẹ̀ má ṣe ṣẹlẹ̀ ní ìhín. Ohun tí mo rò pé ẹ lè ṣe nìyí.

Èkíní, ẹ dá ọjọ́ kan ní ìparí oṣù kẹta. Kí ó má ṣe bọ́ sí ọjọ́ ọjà, kí ó sì jẹ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn tí ó re oko yóò ti dé. Iṣẹ́ ilẹ̀ kò ní torí rẹ̀ dúró. Ẹ má ṣe yí ọjọ́ náà padà lọ́dọọdún, kí àwọn ọmọ lè máa kà á sílẹ̀ bí wọ́n ti ń ka ọjọ́ ọdún.

Èkejì, ẹ wá àyè. Ilé ìkàwé yìí ní ògiri mẹ́rin, mo sì sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n ṣí sílẹ̀ láìsí ìwé àṣẹ. Bí òjò bá fẹ́ da eré rú, ilé ẹ̀kọ́ ní òrùlé.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́. Kí ìyá aláró fi bí a ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sí ara aṣọ hàn wọ́n. Kí alágbẹ̀dẹ jẹ́ kí wọ́n di òòlù mú. Kí onílù jókòó tì wọ́n. Ọmọ tí kò fọwọ́ kàn án kò lè mọ̀ bóyá tirẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ orúkọ oníṣẹ́ sí ara iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ère Yorùbá ni ó wà ní àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun tí kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn. Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ máa kọ orúkọ, iye owó, àti ẹni tí ó rà á sínú rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ san owó iṣẹ́. Ẹ má ṣe sọ fún onílù pé ti ìlú ni, kí ó wá lù ú lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ sì wá fi agbè ẹmu kan tù ú nínú. Bí ẹni kọ̀ọ̀kan bá san owó kékeré ní ẹnu ọ̀nà, ọ̀pọ̀ kékeré yóò di ńlá. Iṣẹ́ tí ó bá mú owó ọ̀bẹ̀ wálé, ìyá kò ní lé ọmọ rẹ̀ kúrò nídìí rẹ̀.

Ní ti ọ́fíìsì wa, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ dá ránṣẹ́ sí wa, a ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí kí àwọn abúlé tí ó yí yín ká lè gbọ́. Ẹ má ṣe dúró de owó ìjọba kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ilé ọtí ni Dúró fi bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo.

Ọ̀rọ̀ mi tán. Mo rí Baálẹ̀ tí wọ́n ń mi orí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Kí ẹ tó túká, ẹ jẹ́ kí a dá ọjọ́ náà níhìn-ín, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo yín. Bí ẹnìkan nínú yín bá sì mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ lè gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ kan ní Èkó tí ó ti ya àwọn obìnrin létí odò rí, ẹ bá mi sọ fún un pé ògiri ti ṣí. Kí òjò ọdún yìí tù wá lára o.