Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa ní Igbóbì,

Ẹni tó ṣe wẹ́bùsáìtì ẹgbẹ́ fún wa ti gbé pásíwọ́ọ̀dù lọ. Ìròyìn owó oṣù kò ṣeé gbé jáde mọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa.

Ọ̀fẹ́ ni Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991. Ọ̀fẹ́ ni WordPress, tó jáde ní 2003. Owó sáfà àti owó orúkọ nìkan la ó san.

A ó fi Apache, PHP àti MySQL sórí sáfà, a ó ṣí àpótí àkọsílẹ̀, a ó tú WordPress síbẹ̀, a ó sì kọ orúkọ àpótí náà sínú wp-config.php.

Kí alága, akọ̀wé àti akápò ní kọ́kọ́rọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìṣọ̀kan ni agbára wa!