Ojú Lọ̀rọ̀ Wà



Àríyànjiyàn kan wà láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní ìlú Port Harcourt yìí: èwo ni ó sàn jù, ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni tàbí èyí tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń wo ojú ara wọn?

Ẹni tí ó fẹ́ràn ti íntánẹ́ẹ̀tì yóò sọ pé òun ń ṣiṣẹ́ oòjọ́, pé òun bọ́ lọ́wọ́ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ láti Rumuokoro dé Choba, àti pé ohun tí kò bá yé òun, òun lè tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí ó fẹ́ ti ojúkojú yóò dáhùn pé dátà a máa tán, iná a máa lọ láìdágbére, kò sì sí ẹni tí ó lè kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láìfọwọ́ kan aláìsàn.

Àwọn méjèèjì ni ó jàre. Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí rédíò láìrí ojú yín kò gbọdọ̀ kẹ́gàn ẹ̀kọ́ tí ó ń ti òkèèrè wá. Ìjọba dá National Open University sílẹ̀ ní ọdún 1983. Àwọn ológun tì í pa ní 1984. Ní 2001, ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jí i dìde. Lẹ́yìn tí olóyè náà fi ipò sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ di akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristẹni. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ojú tín-ín-rín wo ọmọ yín tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ báyìí.

Ohun tí ń bà mí lẹ́rù ni ìdánìkanwà. Nínú kíláàsì, olùkọ́ a máa rí ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé. Ọ̀rẹ́ a máa mọ ẹni tí kò tíì jẹun. Ta ni yóò mọ̀ nípa ẹni tí òun àti fóònù rẹ̀ nìkan jọ wà nínú yàrá? Jòhánù Mímọ́ kọ lẹ́tà, síbẹ̀ ó sọ nínú èkejì pé òun kò fẹ́ fi tàdáwà parí ọ̀rọ̀. Ó ń retí àtirí wọn lójúkojú, kí ayọ̀ lè kún. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilẹ̀kùn ìjọ pa, a gbọ́ Mísà lórí rédíò, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gba Ara Olúwa láti inú rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní àjò, owó dátà nìkan kọ́ ni ojúṣe yín. Ẹ pe ọmọ. Ẹ bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bi í léèrè ẹni tí wọ́n jọ ń kàwé. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ, ẹ ṣí gbọ̀ngàn ìjọ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ tan jẹnẹrétọ̀, kí àwọn tí ń dá kẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó papọ̀ lábẹ́ iná kan náà. Fóònù yóò gbé ohùn olùkọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ojú tí yóò wò wọ́n, àwa ni kí a pèsè rẹ̀.

Kí Ọlọ́run Olódùmarè, Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́, bù kún yín. Àmín.