Ìwé Ìrìnnà ní Ibodè Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn nìkan. Ó kan owó wa, ó sì kan iyì wa.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ọwọ́ sí ìwé ní Paris, wọ́n sì fa ìlà láàrin ilẹ̀ wa. Láti ìgbà náà ni Kétu ti wà ní ìhà kan, tí Ìmẹ̀kọ tí í ṣe ọmọ Kétu sì wà ní ìhà kejì. Ẹni tí ó ń lọ sin òkú ìbátan rẹ̀ wá di àlejò ní ilẹ̀ òkèèrè.

Ṣùgbọ́n àwọn ìjọba tiwa ti ṣe àtúnṣe díẹ̀. Àjọ ECOWAS, èyí tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, ṣe àdéhùn ní Dakar ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979. Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àdéhùn náà ni pé ọmọ ilẹ̀ kan lè wọ ilẹ̀ kejì láìgba físà, kí ó sì gbé ibẹ̀ fún 90 ọjọ́. Bí ó bá fẹ́ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó tọrọ àṣẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: àìgba físà kì í ṣe àìmú ìwé dání. Ohun mẹ́ta ni òfin náà bèèrè. Èkíní ni ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, yálà páásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS tí a fi lélẹ̀ ní ọdún 1985. Èkejì ni ìwé ìlera, èyí tí ó fi hàn pé a ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kí a gba ẹnu ibodè tí ìjọba yàn, bí Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdìrókò, kì í ṣe ọ̀nà inú igbó.

Àwọn ìyá wa tí ń ná ọjà Àjàṣẹ́ àti Kútọnu ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Ẹni tí kò ní ìwé kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Iye tí wọ́n bá dá lé e ni yóò san, èrè ọjà rẹ̀ a sì pin sí ẹnu ibodè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé rẹ̀ pé lè dúró gbọn-in, kí ó ní kí a lu òǹtẹ̀ sí i nígbà tí ó bá ń jáde àti nígbà tí ó bá ń wọlé. Ọ̀rọ̀ ẹrù yàtọ̀, nítorí owó ibodè wà lórí ọjà. Bí a bá san án, kí a gba rìsíìtì.

N kò sọ pé ìwé nìkan tó. Nígbà tí Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni kò ṣí i, àdéhùn sì wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí a máa rán àwọn aláṣẹ létí ohun tí wọ́n fi ọwọ́ sí.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo bẹ ẹgbẹ́ yìí pé kí a tẹ òfin wọ̀nyí ní èdè Yorùbá, kí a kà á fún àwọn ìyálọ́jà, kí olúkúlùkù sì wá ìwé rẹ̀ kí ọjọ́ ìrìnàjò tó pé. Kétu kò jìnnà sí wa. Kí àìmọ̀ má ṣe sọ ọ́ di ọ̀nà jíjìn.